Àìsàn Stevens-Johnson: nígbà tí oògùn bá mú kí awọ ara bó

Àwọn kókó pàtàkì

• Àìsàn Stevens-Johnson, tí a ń pè ní SJS ní ìkékúrú, ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n pàjáwìrì ni. Oògùn ló sábà máa ń fà á.
• Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun.
• Bí ara bá sú, tí ẹnu, ojú tàbí ojú ara sì di egbò, kí aláìsàn dá oògùn náà dúró, kí ó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
• Ẹni tó bá ti ní àìsàn yìí rí kò gbọ́dọ̀ lo oògùn tó fà á mọ́ láéláé.

Kí ni àìsàn yìí?

Ní ọdún 1922, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Stevens àti Johnson, ṣe àkọsílẹ̀ nípa ọmọ méjì tí ara wọn sú, tí ẹnu àti ojú wọn sì di egbò. Ní ọdún 1956, Alan Lyell ní Scotland ṣàpèjúwe irú èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí awọ ara ń bó bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Èyí ni a ń pè ní TEN. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àìsàn kan náà ni méjèèjì. Bí awọ tó bó ṣe pọ̀ tó ni ó yàtọ̀. Bí kò bá tó ìdá 10 nínú 100 ara, SJS ni. Bí ó bá ju ìdá 30 lọ, TEN ni. Èyí tó bá wà láàárín jẹ́ àdàpọ̀ méjèèjì. Nínú àwọn tó ní TEN, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló lè kú.

Kí ló ń fà á?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara máa ń ṣe àṣìṣe nítorí oògùn, wọn a sì kọlu sẹ́ẹ̀lì awọ. Awọ òkè a kú, a sì ṣí kúrò. Àìsàn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Àwọn oògùn tó sábà máa ń fà á nìyí:

• cotrimoxazole, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Septrin, àti oògùn ibà tó ní sulfadoxine nínú;
• oògùn wárápá: carbamazepine, phenytoin, phenobarbital àti lamotrigine;
• nevirapine, tí a ń lò fún kòkòrò HIV;
• allopurinol, tí a ń lò fún àìsàn gáàtì;
• oògùn ara ríro bíi piroxicam àti meloxicam.

Ewu náà pọ̀ fún ẹni tó ní kòkòrò HIV ju ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ń lo àwọn oògùn wọ̀nyí láìsí ìpalára. Ẹni tí kò ní àmì kankan kò gbọ́dọ̀ dá oògùn wárápá tàbí ti HIV dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn àmì

Ara gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ikọ́ àti ojú títa ló máa ń ṣáájú fún ọjọ́ mélòó kan. Níbi yìí ni àṣìṣe ti máa ń wáyé: a lè rò pé ibà ni, kí a sì fi oògùn mìíràn kún èyí tó ń ṣe ìpalára. Lẹ́yìn náà, ojú àti àyà a sú. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn dáadáa. Àmì tó dúdú ju awọ yòókù lọ ni a ó rí. Awọ a máa dunni gan-an, a ó ní ìléròrò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè dá a mọ̀

• Kí ó béèrè gbogbo oògùn tí aláìsàn lò láàárín oṣù méjì tó kọjá, títí kan àgbo àti èyí tí a rà ní kẹ́míìsì, kí ó sì kọ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
• Kí ó yẹ ẹnu, ojú àti ojú ara wò. Nínú àìsàn awọ bíbó tí kòkòrò staphylococcus ń fà fún ọmọdé, ẹnu kì í di egbò.
• Kí ó rọra fi ìka ti awọ ibi tó sú. Bí awọ òkè bá yọ̀ kúrò, ewu ti dé.
• Kí ó wọn ibi tó bó: àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, a lè gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ dúró de èsì.

Ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn

• Kí a dá oògùn tí a fura sí dúró lójú ẹsẹ̀.
• Kí a gbé aláìsàn lọ sí ibi tí a ti ń tọ́jú ẹni tí iná jó tàbí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, bí awọ tó bó bá ju ìdá 10 lọ.
• Kí yàrá rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí fáànù má fẹ́ sí i lára tààrà.
• Kí a fa omi sí i lára, kí a sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀.
• Kí a fi gọ́ọ̀sì tí a fi Vaseline rẹ bo egbò. A kò gbọ́dọ̀ fa awọ tó ti kú ya, a kò sì gbọ́dọ̀ lẹ píláàsítà mọ́ ọn. Kí a má lo ìpara silver sulfadiazine bí oògùn sulfa bá ló fa àìsàn náà.
• Kí oníṣègùn ojú yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 24, nítorí ojú lè fọ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.
• Kí a fún un ní oògùn ìrora tó kápá ìrora náà, àti oúnjẹ tó tó; bí ẹnu kò bá gbà á, kí a gba imú ki rọ́bà.
• Kí a lo oògùn apakòkòrò nígbà tí àmì àkóràn bá hàn nìkan.

Lẹ́yìn tí aláìsàn bá padà sílé

Awọ sábà máa ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ lè yàtọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ojú lè máa gbẹ tàbí kí ó máa ta fún ọdún púpọ̀, nítorí náà kí aláìsàn má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Kí ilé ìwòsàn kọ orúkọ oògùn náà sínú káàdì tí yóò máa mú dání níbikíbi tó bá ti ń gba ìtọ́jú, kí ó sì sọ fún òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá rẹ̀. Ní Nàìjíríà, kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àjọ NAFDAC. Ìròyìn kan lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là.