Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àfọ́kù sílíìn nínú ọgbà ẹ̀fọ́

Ẹni tó bá ń tún ilé àtijọ́ ṣe ní Ìrèlé-Èkìtì kò gbọdọ̀ da àfọ́kù sílíìn sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí.

Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ sílíìn àtijọ́, kì í sì í jẹrà nínú ilẹ̀. Eruku rẹ̀ téèyàn ń fà símú nígbà tó bá ń kọ ebè lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ló léwu. Ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn 20 sí 40 ọdún.

Ní Wittenoom, Australia, wọ́n da pàǹtí ibi ìwakùsà asbestos sí àgbàlá ilé. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló kú.

Ẹ má gbá àfọ́kù sílíìn ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ wọ ìbomú, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ sì ké sí wolé-wolé.