Òjé Inú Tìróò àti Irin Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

Tìróò tí a ń lé fún ọmọ ọwọ́ ní Igbó-Ọrà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òjé a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò tí wọ́n ń lé fún un, tí ó ti Nàìjíríà wá, ni ó jẹ́ òjé.

Ọmọ a fọwọ́ nu ojú, a sì ti ìka bọ ẹnu. Ọ̀nà kan náà ni òjé àti irin inú oúnjẹ ń gbà láti ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí irin bá ṣọ̀wọ́n lára, ìfun a túbọ̀ ṣí ọ̀nà yìí, òjé a sì ráyè wọlé. Nínú mùdùnmúdùn eegun, òjé kì í jẹ́ kí irin ríbi jókòó nínú èròjà tí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Ìdí nìyí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan kò fi tó bí tìróò bá ṣì wà lójú ọmọ.