Cataract Kọ́ Ni Glaucoma: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Inú Káàdì Dókítà Ojú Túmọ̀ Sí

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ilé ìwòsàn ojú bọ̀ láì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ojú wọn. Wọ́n á ní, “Dókítà ní nǹkan ti bo ojú mi.” Bí wọ́n bá délé, aládùúgbò á ní, “Kò burú, ẹ jẹ́ kó gbó ná kí wọ́n tó yọ ọ́.” Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè sọ èèyàn di afọ́jú, torí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń mú ojú ṣe bàìbàì ló ṣeé yọ.

Orúkọ méjì tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni cataract àti glaucoma. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé, lára àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, cataract ló ń fọ́ èèyàn lójú jù lọ, glaucoma ló sì tẹ̀ lé e.

Kí ni cataract?

Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú, dígí kékeré kan wà tó mọ́ gaara. Òun ló ń jẹ́ kí ohun téèyàn ń wò hàn kedere. Tí dígí yìí bá di funfun bí omi ògì, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè ráyè wọlé dáadáa mọ́. Ìyẹn ni cataract. Ọjọ́ ogbó ló sábà máa ń fà á, àmọ́ ìtọ̀ ṣúgà tàbí kí nǹkan ba èèyàn lójú náà lè fà á, wọ́n sì máa ń bí i mọ́ ọmọ míì.

Kò sí oògùn ìkánsójú tó lè yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà á yọ dígí tó ti bà jẹ́, á sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ríran padà lẹ́yìn náà. Kò sì pọn dandan mọ́ kó “gbó” kí wọ́n tó ṣe é. Tó bá ti ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó ti tó bá dókítà sọ.

Glaucoma ńkọ́?

Ti glaucoma yàtọ̀ pátápátá. Iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Omi kan wà tó ń ṣàn wọ inú ẹyinjú, tó sì ń ṣàn jáde. Tí ọ̀nà tó ń gbà jáde kò bá ṣe déédéé, omi á pọ̀ níbẹ̀, á sì máa ni iṣan yẹn lára. Ìfúnpá inú ojú nìyẹn, òun ni wọ́n ń kọ ní IOP sínú káàdì. Ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru o. Glaucoma tiẹ̀ lè mú ẹni tí ìfúnpá ojú rẹ̀ ò ga, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń wo iṣan náà fúnra rẹ̀.

Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á ṣì máa kàwé, á máa rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àmọ́ á máa fara gbá ilẹ̀kùn, kò sì ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tó bá fi máa hàn sí i gbangba, ọ̀pọ̀ iṣan ti kú, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí wọn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tí oògùn ìkánsójú, lésà tàbí iṣẹ́ abẹ ń ṣe fún glaucoma ni láti dáàbò bo ìwọ̀nba ìríran tó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á ní, “Mo ti ń kán an láti oṣù mẹ́ta, ojú mi ò mọ́lẹ̀ sí i,” ni wọ́n bá dá a dúró. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kì í kàn án ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ó wà fún. Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, pàápàá àwa adúláwọ̀, àti ẹni tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní glaucoma, gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò kó tó di pé nǹkan ń ṣe é.

Àwọn lẹ́tà inú káàdì

VA ni bí ojú ṣe ń ríran sí. 6/6 dára. 6/60 túmọ̀ sí pé ohun tí ojú tó dá ṣáká lè rí láti 60 mítà, àfi kí ẹni yìí sún mọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. CF ni pé ìka ọwọ́ nìkan ló lè kà, HM ni pé ó ń rí i tí ọwọ́ bá ń mì, PL ni pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń mọ̀. NPL túmọ̀ sí pé kò rí ìmọ́lẹ̀ rárá.

OD ni ojú ọ̀tún, OS ni ojú òsì, OU ni ojú méjèèjì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: lára ìwé oògùn, od tún máa ń dúró fún ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Tí kò bá yé yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó kù

Ẹni tó ní myopia ń rí ohun tó sún mọ́ ọn, àmọ́ ti òkèèrè ò ní hàn. Ọmọ iléèwé tí wọ́n ń pè ní olódo lè jẹ́ ẹni tí kò rí ojú pátákó. Presbyopia ní tiẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ẹni 40 ọdún: èèyàn á máa na fóònù jìnnà sójú kó tó kà á, á máa pe ọmọ kó wá bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Awò ojú ló ń yanjú méjèèjì. Àmọ́ ẹni tó kàn ra awò létí títì láì yẹ ojú wò lè máa kàwé dáadáa kí glaucoma máa bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Conjunctivitis ni ojú pípọ́n tó ń ṣepin, tó ń yúnni. Èyí tó ń ràn bí iná ọyẹ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Apollo. Ọdún 1969 ni irú rẹ̀ kan jà ní Gánà, lásìkò tí Apollo 11 gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àmọ́ tí ojú tó pọ́n bá ń dunni gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ ń ni ín lára, tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Apollo lásán. Ẹ má da ìtọ̀, omi iyọ̀ tàbí wàrà ọmú sí i, ẹ má sì ra ìkánsójú fúnra yín, torí àwọn kan ní steroid nínú tó lè mú ìfúnpá ojú ga.

Bẹ́ ẹ bá lọ yẹ ojú wò, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi dókítà: Kí lorúkọ ohun tó ń ṣe ojú mi? Ṣé èyí tí ìríran rẹ̀ ń padà ni àbí èyí tí kì í padà? Ìgbà wo ni kí n tún padà wá? Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín.

Àwọn àgbà ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ glaucoma, ẹsẹ̀ tó tètè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn ojú ni.