Kọ̀ǹpútà Géèmù: Èyí Tí Kò Ṣeé Yọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó àyálò, a sì rí i pé ó yẹ kí gbogbo yín gbọ́ ọ, nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ lórí tábìlì wa.

Màmá kan nínú wa tí ń ta èlùbọ́ ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ wọn ọkùnrin. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà lásán o, ti géèmù ni. Àbúrò wọn tó wà ní England ni yóò bá wọn rà á, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń to ẹ̀rọ náà bí oníbàárà bá ṣe fẹ́, bí ìgbà tí a bá mú aṣọ lọ fún télọ̀. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní: "Ṣé géèmù la ó wá máa fi owó ẹgbẹ́ gbá báyìí?"

Màmá dáhùn pé: "Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ náà ló ń gé fídíò ìgbéyàwó fún àwọn oníkámẹ́rà àdúgbò wa, kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ń yá lò. Mi ò ní purọ́, ó ń gbá géèmù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló lè ṣe méjèèjì."

Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ̀rọ tó bá lè gbé géèmù ńlá, fídíò kò ní wúwo fún un.

Ìgbà tí a wo ìwé tí ọmọ náà fi to ohun tó fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Core i9. RAM, 64GB. SSD tí ń kó iṣẹ́ pamọ́, 4TB. Ó wá ku GPU, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ya gbogbo àwòrán tí ojú ń rí, ibẹ̀ ló wá ti lọ mú RTX 5060, èyí tó kéré. Akọ̀wé wa, tó mọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èyí dà bí ẹni tó ra mọ́tò akẹ́rù, tó kó gbogbo owó sí ibi ìkẹ́rùsí, tó wá fi ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà sí i.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí. Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ni, ẹ lè yọ GPU rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ fi òmíràn sí i. Ti alágbèéká kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń to ẹ̀rọ fún oníbàárà kì í ṣe ìkarahun rẹ̀ fúnra wọn. Clevo ti Taiwan wà nínú àwọn tí ń ṣe é tà fún wọn. Nínú ìkarahun yìí, wọ́n ti fi òjé jó GPU àti ọpọlọ mọ́ bọ́ọ̀dù. Èyí tí ẹ bá rà náà lẹ ó máa lò títí ẹ̀rọ yóò fi gbó. (Framework ti Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan tí GPU rẹ̀ ṣeé yọ, Laptop 16 ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀.) RAM àti SSD ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, bí wọ́n bá ti tú síkúrù ìdí rẹ̀, wọ́n lè fi kún un. Nítorí náà, owó àyálò ni kí ẹ fi ra èyí tí kò ṣeé yọ. Èyí tó ṣeé fi kún, ẹ jẹ́ kó dúró de owó èrè ọdún.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ GPU tàn yín jẹ. RTX 4070 ti orí tábìlì ní 12GB tirẹ̀. Alágbèéká tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, 8GB ni. RTX 4090 ti orí tábìlì, 24GB. Ti alágbèéká, 16GB. Èyí tó tún ṣòroó rí ni ti wáàtì. RTX 4070 alágbèéká kan lè wà tí wọ́n fún ní wáàtì 35, kí wọ́n fún òmíràn ní 115. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló pinnu, orúkọ kan náà ni wọ́n sì jọ ń jẹ́. Oní-35 kò lè bá oní-115 sáré láéláé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí àti ìrẹsì, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí: kóńgò méjì, kóńgò là ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. Ẹ béèrè wáàtì náà ní àkọsílẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nínú àwọn tó jáde ní 2025, RTX 5060 àti RTX 5070 alágbèéká, 8GB náà ni wọ́n ní. RTX 5070 Ti ló ní 12GB. Àwọn géèmù tuntun kan wà tí 8GB kò tó fún mọ́ bí a bá fẹ́ kí àwòrán wọn mọ́ dáadáa. Ojú kọ̀ǹpútà náà wà lára rẹ̀: èyí tó jẹ́ 1920 × 1080 ní àmì bíi mílíọ̀nù 2 tí GPU gbọ́dọ̀ yà nígbà kọ̀ọ̀kan, 2560 × 1600 sì ní mílíọ̀nù 4. Ẹ má ra ojú tó ju agbára GPU lọ.

Ní ti Core i9, ooru rẹ̀ là ń bẹ̀rù. Nínú púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọpọlọ àti GPU jọ ń pín fáànù àti páìpù kan náà ni. Bí ọ̀kan bá gbóná jù, èkejì á jìyà, ẹ̀rọ á sì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Òtútù London kọ́ ni ooru oṣù kẹta níhìn-ín, ká tó wá sọ ti eruku ọyẹ́ tí ń dí fáànù. Core i7 tó fún géèmù.

RAM nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa fúnra wa. Ó ti gbówó lórí gan-an láti ìparí 2025, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń kó o fún iṣẹ́ AI. Àwọn kan ní kó ra díẹ̀, àwọn kan ní bó bá tún wọ́n sí i ńkọ́? A fẹnu kò sí 32GB, kó jẹ́ 16GB lọ́nà méjì, nítorí pé méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń yá ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. SSD, 1TB, kí àyè kejì ṣófo.

Ó wá ku iná. Pọ́ọ̀gì England àti tiwa kò yàtọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ni. Fóltì 230 sì ni tiwọn àti tiwa lórí ìwé. Lórí ìwé la sọ o! Ṣájà irú ẹ̀rọ yìí lè tó wáàtì 230 sí 330. Bátìrì inú rẹ̀ kì í sábà ju 99Wh lọ nítorí òfin ọkọ̀ òfuurufú, géèmù ńlá á sì tán an ní nǹkan bíi wákàtí kan, eré rẹ̀ á tún dínkù. Bátìrì ínfátà oní-fóltì 12, 100Ah, 1,200Wh ló ní lórí ìwé. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 250, kò ní pé wákàtí márùn-ún, kódà bí bátìrì náà bá jẹ́ tuntun. Ìyá tó bá ń wo fíríìjì òun lórí ínfátà kan náà, ẹ ti gbọ́.

Nígbà tí ọmọ náà tún ìwé kọ, tó mú i7, 32GB, 1TB àti RTX 5070 Ti, àpapọ̀ owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bàbá ti wọ gíláàsì wọn padà. Wọ́n bi í pé: "Ìwọ ọmọ yìí, bó bá bàjẹ́, ta ni yóò san owó tí wọ́n fi máa dá a padà sí England?" Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò tíì béèrè, sà. Wọ́n ní kó lọ béèrè, kó sì béèrè bóyá títú síkúrù ìdí ẹ̀rọ kò ní ba ìwé àtúnṣe rẹ̀ jẹ́.

Ó mú èsì méjèèjì wá ní ìpàdé kejì, àwọn onígbọ̀wọ́ méjì sì fọwọ́ síwèé fún màmá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yáwó fún irú ẹ̀rọ yìí, kó mú ìwé ilé-iṣẹ́ náà wá sí ọ́fíìsì wa, kí wáàtì GPU àti ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá méjèèjì sì wà nínú rẹ̀.