Àmì Méjì Lórí Bátìrì Katakata



Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa ní Agbowó fẹ́ gbé katakata lọ sí oko kan ní ìhà Mọ́níyà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, katakata kò dún. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ó bẹ awakọ̀ kan, ó sì fi wáyà so bátìrì ọkọ̀ ẹni náà mọ́ tirẹ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jọ́ńpù. Àwọ̀ wáyà nìkan ni ó wò. Lójijì, bátìrì bẹ́ gbàù, omi rẹ̀ sì ta sí i lójú.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ìyá kan tí ń ta omi inú ọ̀rá nítòsí sáré dé, ó ń da omi sí i lójú láìdúró, kí wọ́n tó gbé e lọ sí UCH. Ojú náà kò fọ́. Nígbà tí ó padà sí kíláàsì, ó ní, “Tíṣà, àmì tí ẹ kọ́ wa nínú ìṣirò wà lórí bátìrì yẹn. N kò kà á.”

Nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni ó wà nínú bátìrì? Òjé ni, àti omi kíkan tí a ń pè ní ásíìdì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1859. Bí bátìrì bá ń gba iná sára, afẹ́fẹ́ kan a máa jáde láti inú rẹ̀. Háídrójìn ni orúkọ rẹ̀. A kì í rí i, kò sì ní òórùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná kékeré tó láti ràn án. Nítorí náà, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì ṣáná nítòsí bátìrì.

Irin méjì yọ sókè lórí bátìrì. Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, ẹ ó rí àmì ìròpọ̀ (+) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, àti àmì ìyọkúrò (−) lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àmì ni kí ẹ gbà gbọ́. Àwọ̀ wáyà lè tan yín, nítorí wọ́n lè ti fi wáyà dúdú rọ́pò pupa.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ yẹ bátìrì tó kú wò. Bí ara rẹ̀ bá là, tàbí tí omi ń jò, ẹ má ṣe jọ́ńpù rẹ̀ rárá.

2. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. 12 ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata àti ọkọ̀ kékeré. 12 ni kí ẹ so mọ́ 12. Lọ́rì ńlá mìíràn ń lo 24. Ẹ má ṣe fi jọ́ńpù katakata 12.

3. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì súnmọ́ra, kí wọ́n má kanra. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì àti iná. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi jíà sí fírì. Ẹ bọ́ òrùka àti aago irin. Bí ẹ bá ní awò tí ń dáàbò bo ojú, ẹ lò ó.

4. Ẹ fi ẹnu kan wáyà pupa mú + bátìrì tó kú. Ẹ fi ẹnu kejì mú + bátìrì tó yè.

5. Ẹ fi ẹnu kan wáyà dúdú mú − bátìrì tó yè.

6. Ẹnu tó kù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má ṣe fi mú bátìrì tó kú. Ẹ fi mú irin ẹ́ńjìnnì katakata tí kò ní ọ̀dà, tó jìnnà sí bátìrì àti sí páìpù epo. Ibi tí a bá so gbẹ̀yìn ni ẹ̀ta iná sábà máa ń yọ. A fẹ́ kí ó yọ níbi tí afẹ́fẹ́ náà kò sí.

7. Ẹ sítáàtì ọkọ̀ tó yè, kí ó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ gun àga katakata, kí ẹ sítáàtì rẹ̀ láti ibẹ̀.

8. Bí ó bá ti dún, ẹ tú wáyà. Èyí tí ẹ so gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Àwọn kan a máa dúró sílẹ̀, wọn a fi sukudiráfà kan sítátà. Ẹ má dán an wò! Bí jíà bá wà nínú, katakata yóò gbéra, táyà ẹ̀yìn yóò sì tẹ ẹni náà pa.

Katakata àtijọ́ mìíràn wà tí wáyà + rẹ̀ wọ ara irin. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ pe rewáyà tó mọṣẹ́.

Bí omi bátìrì bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ ka bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè
1. Kí ni orúkọ afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú bátìrì?
2. Níbo ni a ó fi ẹnu wáyà dúdú tó gbẹ̀yìn mú? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Níbo ni ó yẹ kí ẹni tí yóò sítáàtì katakata wà?