Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Tún Kọ̀ǹpútà Àjọ Wa Ṣe



Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá léèrè àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, tí wọ́n ń wo ẹnu àti ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ kiri pé agbowó-orí ni wọ́n. Irọ́ ni o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n wá tún ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ owó àjọ ṣe ni. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa, torí owó gbogbo wa ló wà ńbẹ̀.

Orí wa ò pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní kì í kọ nǹkan sílẹ̀ tí kì í sì í ṣì í. Ìwé ńlá la fi ń kọ tiwa kí ẹnì kan tó wá ta ètò kọ̀ǹpútà fún wa. Orúkọ bàbá ènìyàn ni ètò yẹn máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ní Ìlọrin níbí, ta ló ń fi orúkọ bàbá pe ìyá ọlọ́jà? Ìyá Oníwàrà la mọ̀, Alhaja Elélùbọ́ la mọ̀. Bí ẹ bá sì kígbe "Alhaja Ráfátù" ní Ọjà Ọba, ẹ wá ka iye ẹni tó máa dáhùn.

Lọ́dún 2023 tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó ọwọ́ dàwátì, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiránsífà dá àjọ. Ètò náà ò ní àyè fún tiránsífà. Akọ̀wé á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà, pé tó bá dalẹ́ òun á tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ilẹ̀ á ṣú, iná ò sí. Báyìí la ṣe kọ owó ọjọ́ mọ́kànlá ìyá kan sórí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Nígbà tó wá gbowó láti fi ra àgbò Iléyá, kọ̀ǹpútà ní kò san. Ìyá yìí sunkún níwájú wa. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á. Ojú tì wá gan-an.

Ètò SIWES ló gbé àwọn ọmọ yìí wá. Lọ́dún 1973 ni àjọ ITF dá a sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò nídìí ìwé wá fojú rí iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọmọ iléèwé ò tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Dan Bricklin ní Harvard, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1978, nígbà tó ronú pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà máa tún ìṣirò owó ṣe fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá yí nọ́ńbà kan padà. Òun àti Bob Frankston ló ṣe VisiCalc jáde ní 1979. Irú rẹ̀ ni àwọn oníṣirò owó ń lò títí dòní.

Àmọ́ àwọn tiwa kọ́kọ́ ṣì í o. Wọ́n gbé àwòrán aláràbarà kan wá lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan, ó dùn ún wò. Ìyá àgbà kan nínú wa wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára. Ta ló fẹ́ lò ó?" Wọ́n pa á dé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wá láti àárọ̀ títí di Aláásárì, láìtẹ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bí akọ̀wé ṣe ń tẹ orúkọ ẹnì kan, ẹni mẹ́ta ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gé páálí, wọ́n fi gègé ya ojú kọ̀ǹpútà sí i, wọ́n ní kí akọ̀wé máa fi ìka tẹ páálí bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ni. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró, wọ́n á sàmì síbẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré. Páálí ò wọ́n, ètò tí wọ́n bá ti kọ tán tí wọ́n tún ń tú ló ń jẹ owó àti àkókò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí i padà. Orúkọ àfarọ́ ni wọ́n fi dán an wò, wọn ò mú orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù wa lọ sílé.

Ní báyìí, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ ọjà ló ń bèèrè, á sì gbé fọ́tò yín jáde kó tó gba owó wọlé. Tiránsífà ti ní àyè tirẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, á pa á mọ́ títí yóò fi dé.

Ibi tí a ti jà ni ti píparẹ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kó ṣeé ṣe láti pa àkọsílẹ̀ rẹ́ bí ó bá ṣì. Àwa ní rárá, ẹni tó lè pa àṣìṣe rẹ́ lè pa owó rẹ́. Àṣìṣe á wà níbẹ̀, àtúnṣe á wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwa la borí, ṣùgbọ́n inú àwọn kan ò tíì yọ́ sí wa.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a tún ohun tí a kọ nípa yín ṣe bí kò bá tọ̀nà. Nítorí náà, ẹ mú káàdì yín wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìrun Àyìlá, lọ́jọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀, kí a fi wé ti kọ̀ǹpútà lójú yín. Ẹ má sọ káàdì yẹn nù o.