Bí a ṣe lè rẹ ọkọ̀ tí à ń gùn lójoojúmọ́ sílẹ̀ láì sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́ ẹ̀yìn

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń wuni wò, ó sì máa ń di ọ̀nà mú níbi kọ́nà. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ohun tó burú ni pé kí ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ fi ń gbé ìyá yín lọ sọ́jà, wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fà á.

Ohun méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́ ni rẹsọ́ọ̀, irin tí wọ́n ká roboto, tó ru ọkọ̀. Èkejì ni amọtisọ́ọ̀ tí òróró wà nínú rẹ̀: òun ló ń kó rẹsọ́ọ̀ níjàánu, kó má baà máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kọjá kòtò. Rọ́bà kan tún wà ńbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní butée. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gòkè débi tó lè dé, rọ́bà yẹn ló ń gbà á kí irin má baà kan irin.

Àyè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní kó tó kan rọ́bà yẹn, ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn wà. Ká ní àyè náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Bí ẹ bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní 5, 3 péré ló kù. Kòtò tí ọkọ̀ máa ń gbé mì tẹ́lẹ̀ á wá gbá yín ní ìbàdí.

Èyí tó léwu jù ni kí wọ́n fi ayùn gé rẹsọ́ọ̀, tàbí kí wọ́n fi iná sun ún kó lè wálẹ̀. A mọ̀ pé owó rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí rẹsọ́ọ̀ bá ní ìká 6 tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n gé 1 kúrò, á fi ìdá 20 nínú 100 le sí i. Amọtisọ́ọ̀ tó wà ńbẹ̀ ò ní lè kápá rẹ̀, ọkọ̀ á wá máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Orí tí wọ́n gé lè má jókòó dáadáa mọ́, ó sì lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná sun ti pàdánù líle tí wọ́n fún un nílé iṣẹ́. Ó lè dá lójú ọ̀nà, pẹ̀lú èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ kó ẹrù àti èèyàn tí ẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀, kí ẹ tó wọn gíga rẹ̀. Ọkọ̀ tó ṣófo máa ń tan èèyàn jẹ.

2. Ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa wa àti àwọn dos d'âne ò gba jù bẹ́ẹ̀.

3. Ẹ ra rẹsọ́ọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, pẹ̀lú amọtisọ́ọ̀ tó bá a mu. Àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì bí Eibach àti Bilstein ń ṣe irú wọn. Amọtisọ́ọ̀ àlòkù tí òróró ti ń jò lára rẹ̀, ẹ má gbà á.

4. Ẹ má tú rẹsọ́ọ̀ nílé. Bí wọn ò bá fi irinṣẹ́ tirẹ̀ há a mọ́, ó lè ta bí ọfà kó pa èèyàn.

5. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó tó de àwọn silentbloc le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà wọn á lọ́, á sì tètè ya.

6. Ẹ lọ ṣe parallélisme. Bí ẹ ò bá ṣe é, inú táyà lè jẹ tán kí ẹ tó mọ̀. Ẹ tún iná iwájú ṣe pẹ̀lú, kó má baà fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

7. Ẹ má fi táyà pẹlẹbẹ kún un. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà wà lára ohun tó ń gba kòtò fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kó àgbàdo àti gàrí, tàbí tí ẹ ń fi ṣe takisí, a bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹrù ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó.

Bó bá sì jẹ́ pé dídi ọ̀nà mú lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ yẹ amọtisọ́ọ̀ yín wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé, ó ti gbó. Ẹ fi tuntun tó jẹ́ gíga ti ilé iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀ ná. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń wá nìyẹn, kí ẹ má sì rẹ ohunkóhun sílẹ̀ mọ́.